Orúkọ ìdílé Schwientek: níbo ló ti ṣẹ̀ wá, kí ló sì dé tó ṣọ̀wọ́n tó báyìí?

Àbẹ̀kẹ́_Dortmund

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Orúkọ tiwa la sábà máa ń sọ̀rọ̀ lé lórí níbí, ṣùgbọ́n ti àna mi ni mo gbé wá lónìí. Schwientek ni orúkọ ìdílé ọkọ mi, òun náà ni àwọn ọmọ mi ń jẹ́. Bàbá ọkọ mi ti dàgbà, wọ́n sì fẹ́ mọ ibi tí orúkọ yìí ti wá nígbà tí ojú wọn ṣì lè ka ìwé. Èmi ni wọ́n bẹ̀ lọ́wẹ̀, torí wọ́n ní àwa Yorùbá kì í fi ọ̀rọ̀ orúkọ ṣeré.

Ohun tí wọ́n mọ̀ kò ju báyìí lọ: bàbá tó bí bàbá wọn ló kúrò nílé wá ṣiṣẹ́ kùsà èédú ní Eving, lẹ́bàá Dortmund níbí, kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní "Rosenberg" ló ti wá. Ìjọ Àgùdà ni gbogbo wọn. Èdè Pólándì ló fi ń gbàdúrà, àmọ́ bí ẹnikẹ́ni bá bi í, ará Jámánì ló máa ń pe ara rẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ọkọ mi, a ò tíì pàdé ẹlòmíràn tó ń jẹ́ Schwientek. Aládùúgbò kan ní orúkọ Júù ni, òmíràn ní ti Rọ́ṣíà ni. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Akẹ́kọ̀ọ́_Leipzig

Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, ẹ kú ìtọ́jú àna. Ìmọ̀ èdè ni mo ń kọ́ níbí, ọ̀rọ̀ orúkọ sì wà lára ohun tí mo fẹ́ràn jù.

Schwientek kì í ṣe orúkọ Jámánì láti ìpilẹ̀. Orúkọ Pólándì ni, tí akọ̀wé Jámánì fi lẹ́tà Jámánì kọ. Świętek tàbí Świątek ni àwọn Pólándì ń kọ ọ́. Ẹ wo ìkọ́ kékeré tó wà lábẹ́ e àti a yẹn. Fáwẹ́lì àránmúpè ni wọ́n, irú èyí tí àwa náà ní: ą wọn sún mọ́ ọn tí a ń pè nínú "ìbọn", ę wọn sì sún mọ́ ẹn tó wà nínú "ìyẹn". Èdè Jámánì ò ní irú fáwẹ́lì bẹ́ẹ̀, nítorí náà n gidi ni akọ̀wé máa ń kọ dípò ìkọ́: ę á di en, ą á di on. Ś tó ṣáájú ń dún bíi ṣ tiwa, ó kàn fẹ́lẹ́ díẹ̀ ni. Sch sì ni Jámánì fi ń kọ ìró bẹ́ẹ̀. Báyìí ni Świętek ṣe di Schwientek, tí Świątek sì di Schwiontek. Ọ̀nà yìí kan náà ni Piątek gbà di Piontek, Dąbrowski di Dombrowski, Szymański di Schimanski.

Gbòǹgbò orúkọ náà ni święt-, tó túmọ̀ sí "mímọ́" lónìí. Ṣùgbọ́n kí Mieszko Kìíní, olórí ilẹ̀ Pólándì, tó ṣe ìrìbọmi ní ọdún 966, tí ẹ̀sìn Kristi fi wọ ilẹ̀ Pólándì, "alágbára" ni gbòǹgbò yẹn ń tọ́ka sí nínú orúkọ àwọn ẹ̀yà Slav, tí àwọn Pólándì jẹ́ ọ̀kan lára wọn. Orúkọ alápá méjì ni wọ́n ń sọ ọmọ nígbà náà: Świętosław (sław ni ògo), Świętopełk (pełk ni ọmọ ogun). Bí a ṣe ń gé Olúwaṣeun sí Ṣeun, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gé Świętosław, wọ́n á wá fi -ek sí i nídìí, èyí tí wọ́n fi ń kẹ́ ẹni tàbí fi pe ohun kékeré. Nígbà tó yá, orúkọ ẹnì kan wá di ti gbogbo ìdílé.

Ọ̀nà mìíràn tún wà. Ère ẹni mímọ́ tí àwọn agbẹ́gilére ìgbèríko máa ń gbẹ́, tí wọ́n ń gbé sí oríta àti ẹ̀bá ọ̀nà, świątek ni wọ́n ń pè é. Zielone Świątki sì ni wọ́n ń pe ọdún Pẹ́ńtíkọ́sì. Ẹni tó ń gbẹ́ ère náà, tàbí tí wọ́n bí lásìkò ọdún náà, lè ti ibẹ̀ gba orúkọ. Ìdílé tó ń jẹ́ orúkọ yìí pọ̀, kò sì pọn dandan kí gbogbo wọn gba ọ̀nà kan náà. Àmọ́ ti Rọ́ṣíà kọ́.

Ní ti Júù: òfin ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 1812 ló mú kí àwọn Júù ilẹ̀ Prussia (ìjọba tó wá di apá tó tóbi jù lára ilẹ̀ Jámánì) gba orúkọ ìdílé tí kò ní máa yí padà, àwọn kan sì mú orúkọ tó jọ ti àwọn aládùúgbò wọn. Nítorí náà, orúkọ lásán kì í fi ẹ̀sìn ẹni hàn. Ìwé ìjọ àti ìwé ìgbéyàwó ló ń sọ ọ́.

Ìyá_Ìbejì_Chicago

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi, Ọlọ́run á bùkún ọ. Ọmọ Pólándì pọ̀ lọ rẹpẹtẹ ní Chicago níbí, mo sì ti bá àwọn aládùúgbò mi tọ pinpin ìdílé wọn débi pé wọ́n ń pè mí ní ọ̀kan lára wọn. Ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ kí o dì mú: má wá orúkọ, wá ìlú. Bí o bá ń wá orúkọ Schwientek kiri ayélujára, wàá rí ẹgbẹ̀rún ènìyàn tí kì í ṣe ẹbí yín, wàá sì sáré kọjá ẹbí yín tí wọ́n kọ orúkọ wọn lọ́nà mìíràn.

Má tíì lọ sí Pólándì. Dortmund ni kó o ti bẹ̀rẹ̀. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 1874 ni ìjọba Prussia ti gba ìwé ìbí, ìgbéyàwó àti ikú lọ́wọ́ ìjọ, tí wọ́n gbé e fún ọ́fíìsì tí wọ́n ń pè ní Standesamt. Ìwé ìgbéyàwó ló lọ́rọ̀ jù. Ó ń sọ ọjọ́ àti ìlú tí wọ́n ti bí ọkọ, ẹ̀sìn rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀, orúkọ bàbá àti ìyá rẹ̀, àti ibi tí wọ́n ń gbé. Ìlú ìbí yẹn lò ń wá. Lábẹ́ òfin Jámánì, ìwé ìbí á kúrò ní ìkọ̀kọ̀ lẹ́yìn ọdún 110, ti ìgbéyàwó lẹ́yìn ọdún 80, ti ikú lẹ́yìn ọdún 30. Bí bàbá yẹn bá ti gbéyàwó kí ogun 1914 tó bẹ̀rẹ̀, ẹnikẹ́ni ló lè béèrè ìwé náà báyìí.

Ẹ̀dà méjì ni Standesamt máa ń ṣe. Èkejì, fún gbogbo agbègbè Westphalia tí Dortmund wà lára rẹ̀, wà ní ìlú Detmold. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lọ, torí àwòrán rẹ̀ wà lórí ayélujára. Ṣùgbọ́n akọ̀wé ló da èyí kọ, òun náà ló sì kọ orúkọ àwọn tó fọwọ́ síwèé. Ẹ̀dà kìíní tó wà ní ilé ìkówèépamọ́ ìlú Dortmund ni ọkọ àti ìyàwó fi ọwọ́ ara wọn kọ orúkọ sí nísàlẹ̀. Lọ wo ìyẹn. Akọ̀wé lè ti kọ Schwientek lókè, kí ọkọ ìyàwó fúnra rẹ̀ kọ nǹkan mìíràn nísàlẹ̀.

Tún wo ẹ̀gbẹ́ ojú ìwé. Bí ẹnikẹ́ni bá yí orúkọ padà lẹ́yìn náà, ẹ̀gbẹ́ yẹn ni wọ́n ń kọ ọ́ sí.

Bọ̀dé_Gelsenkirchen

Ẹ kú àlàyé, mà. Kí n fi kún un: Eving kò sí lára Dortmund títí di ọdún 1914. Ẹ má béèrè ìwé ìgbéyàwó Dortmund nìkan, ẹ dárúkọ Standesamt Eving, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n á sọ fún yín pé kò sí.

Gbogbo agbègbè kùsà yìí kún fún orúkọ bẹ́ẹ̀. Láti bíi ọdún 1870 ni wọ́n ti ń kó àwọn ọ̀dọ́kùnrin wá láti ìlà-oòrùn Prussia, níbi tí ilẹ̀ oko ò ti tó wọn mọ́. Àwọn ará Masuria (àríwá ìlà-oòrùn Pólándì òde òní), tí wọ́n jẹ́ Pùròtẹ́sítáǹtì, pọ̀ ní Gelsenkirchen níbí; àwọn ará Òkè Silesia (gúúsù Pólándì òde òní), tí wọ́n jẹ́ Àgùdà, pọ̀ ní Bottrop. Kò yẹ kí ó ya yín lẹ́nu pé bàbá yẹn ń gbàdúrà ní èdè Pólándì, tó sì ń pe ara rẹ̀ ní ará Jámánì. Kò sí orílẹ̀-èdè tó ń jẹ́ Pólándì lórí àwòrán ayé nígbà náà. Prussia, Rọ́ṣíà àti Ọstríà ti pín in láàárín ara wọn ní 1772, 1793 (Ọstríà ò sí nínú tọdún yẹn) àti 1795, kò sì padà di orílẹ̀-èdè títí di 1918. Silesia ní tirẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ ọba Pólándì láti ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìnlá. Ará Prussia tó ń sọ èdè Pólándì ni ọ̀pọ̀ wọn ka ara wọn sí, kò sì sí irọ́ níbẹ̀.

Ẹgbẹ́ ni wọ́n fi dúró. Ní Bochum ni ìwé ìròyìn Wiarus Polski ti bẹ̀rẹ̀ ní 1890, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àwọn Pólándì sílẹ̀ ní 1902. Ìjọba fòyà wọn. Òfin ọdún 1908 dí wọn lọ́wọ́ láti máa sọ èdè wọn ní ìpàdé ìta gbangba. Orúkọ tó dún bíi ti Pólándì lè di ìdènà fún ọmọ níbi iṣẹ́, àwọn kan sì lọ bá ìjọba láti yí tiwọn padà pátápátá. Ìdílé yín kò yí i. Wọ́n di orúkọ wọn mú, àkọtọ́ Jámánì ni wọ́n kàn gbà fún un.

Lẹ́yìn 1918, apá kan lára wọn padà sí Pólándì, àwọn mìíràn sì kó lọ sí kùsà èédú àríwá ilẹ̀ Faransé. Bí ẹ bá rí orúkọ yìí ní ẹ̀bá Lens, ẹ má rò pé àṣìṣe ni.

Ohun kan tó kù, ó sì wúwo láti sọ. Ẹ bi bàbá ọkọ yín bóyá ìwé kékeré tí wọ́n ń pè ní Ahnenpass wà nínú àpótí wọn. Ìjọba Násì ló fi ìwé yẹn lélẹ̀, kí ènìyàn lè fi hàn pé kò sí Júù nínú àwọn baba ńlá òun. Ìwà ìkà ló bí i, ohun tó sì ti ẹ̀yìn rẹ̀ yọ pa mílíọ̀nù mẹ́fà Júù. Ṣùgbọ́n orúkọ, ọjọ́ àti ìjọ tí wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún baba ńlá kọ̀ọ̀kan wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú òǹtẹ̀ àlùfáà. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló ní in tí wọn ò fẹ́ mú un jáde. Ẹ fi sùúrù béèrè.

Àkànjí_Peckham

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbéèrè kékeré: ṣé ẹbí wọn ni Iga Świątek, ọmọbìnrin tó ń gbá tẹ́nìsì? Ọmọ mi obìnrin fẹ́ràn rẹ̀, láti ìgbà tó ti gba Roland Garros ní 2020.

Ọmọ_Àkúrẹ́_Poznań

Ẹ̀gbọ́n Àkànjí, orúkọ kan náà ni ní gbòǹgbò, ṣùgbọ́n ìyẹn ò sọ wọ́n di ẹbí. Warsaw ni wọ́n ti bí Iga. Agbègbè mélòó kan ní Pólándì ni orúkọ yìí ti hù jáde fúnra rẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnì kan bí gbogbo wọn. Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé ẹbí ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi ìwé hàn láti ọmọ dé bàbá.

Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, ìmọ̀ ìṣègùn ni mo wá kọ́ níbí, èdè wọn sì ni mo kọ́kọ́ jà mọ́. Bí ẹ bá dé ìdí ìwé tí wọ́n fi èdè Pólándì kọ, ẹ ó rí i pé orúkọ náà ń yí ìdí padà. "Ọmọ Jan Świątek" á di "syn Jana Świątka". E tó wà níwájú k ti pòórá. Ìyàwó Świątek ni wọ́n ń kọ ní Świątkowa nígbà náà, ọmọbìnrin tí kò tíì lọ́kọ sì ni Świątkówna. Ẹnìkan náà ni gbogbo wọn. Mo ti rí ẹni tó kọjá lórí ìwé ìbí ìyá ìyá rẹ̀ nítorí pé -ówna ló wà níbẹ̀, ó rò pé ìdílé mìíràn ni.

Orúkọ àbísọ náà ń yí. Àwọn àlùfáà Àgùdà ń fi èdè Látìn kọ̀wé. Wojciech ni wọ́n ń pe ènìyàn nílé, Adalbertus ni àlùfáà á kọ, Albert tàbí Adalbert ni akọ̀wé Jámánì á kọ. Jadwiga á di Hedwigis lọ́wọ́ àlùfáà, á di Hedwig lọ́wọ́ Standesamt. Bí bàbá yẹn bá ń jẹ́ Albert ní Dortmund, ẹ wá Adalbertus ní ìwé ìjọ.

Ní ti iye wọn ní Pólándì, ìyẹn kò ṣòro. Ìjọba máa ń gbé iye àwọn tó ń jẹ́ orúkọ ìdílé kọ̀ọ̀kan síta lórí dane.gov.pl, láti inú ìwé àkọsílẹ̀ aráàlú tí wọ́n ń pè ní PESEL, ọkùnrin lọ́tọ̀, obìnrin lọ́tọ̀. Ẹ wo Świątek, ẹ wo Świętek, kí ẹ tún wo Schwientek fúnra rẹ̀.

Àkànjí_Peckham

O ṣeun àbúrò. Èyí mú mi rántí bàbá wa August Agboola Browne, ọmọ tí wọ́n bí ní Èkó ní 1895, tó di onílù jazz ní Warsaw, tó sì bá àwọn ará ìlú náà ja ogun ìdìde ọdún 1944 sí àwọn Násì, tí wọ́n ń pè é ní Ali lójú ogun. Ìwé mìíràn ní Warsaw kọ ọ́ ní "Agbola O'Brown". London ló kú sí ní 1976. Ẹni tó bá ń wá Agboola nìkan nínú ìwé Pólándì á kọjá lórí akọni wa. Ọ̀rọ̀ Àbẹ̀kẹ́ yìí kàn wá dáadáa.

Àbẹ̀kẹ́_Dortmund

Ẹ ṣé, ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti ka gbogbo rẹ̀ fún bàbá ọkọ mi. Nígbà tí mo dé ibi fáwẹ́lì àránmúpè, wọ́n ní kí n pe "ìbọn" fún àwọn léraléra. Ahnenpass wà, wọ́n sì mú un jáde fúnra wọn, ṣùgbọ́n ti ìdílé ìyá wọn ni, kò dé ọ̀dọ̀ Schwientek.

Kí n tó lọ sí ilé ìkówèépamọ́: Rosenberg wo ni? Mo tẹ̀ ẹ́ sórí ẹ̀rọ, ó fún mi ní Rosenberg ní Bavaria, ní Czech, níbi gbogbo.

Ìyá_Ìbejì_Chicago

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí o wá ìlú. Nínú ilẹ̀ Prussia, Rosenberg méjì ló yẹ kí o fi ojú sí, méjèèjì ló sì jẹ́ olú ìlú àgbègbè tiwọn. Ọ̀kan wà ní Ìwọ̀-oòrùn Prussia, Susz ni wọ́n ń pè é lónìí. Èkejì wà ní Òkè Silesia, Olesno ni orúkọ rẹ̀ báyìí. Àwọn akọ̀wé máa ń fi àmì sí i: "Wpr." fún ti àkọ́kọ́, "O.S." fún èkejì. Nígbà tó jẹ́ Àgùdà ni yín, tí gbòǹgbò orúkọ náà sì wọ́pọ̀ ní Silesia, Olesno ni ọkàn mi fà sí. Ṣùgbọ́n má ṣe fi ọkàn fífà kọ ìwé ìdílé. Dúró de ohun tí ìwé bá sọ.

Bí o bá rí orúkọ abúlé, meyersgaz.org ni kó o gbé e lọ. Ìwé atọ́ka ìlú ilẹ̀ Jámánì ti ọdún 1912 ni wọ́n gbé sí ibẹ̀. Yóò sọ fún ọ ibi tí Standesamt abúlé náà wà àti bí ó ti jìnnà sí ṣọ́ọ̀ṣì tó. Ó ṣe pàtàkì, torí ní 1936 ìjọba Násì yí orúkọ ọ̀pọ̀ abúlé Òkè Silesia padà nítorí pé wọ́n dún bíi ti Pólándì, Pólándì náà sì tún wọn sọ lẹ́yìn 1945. Abúlé kan ṣoṣo lè ní orúkọ mẹ́ta láàárín ọdún mẹ́wàá.

Akẹ́kọ̀ọ́_Leipzig

Kí n padà sí ọ̀rọ̀ pé ó ṣọ̀wọ́n, torí mo rò pé ibẹ̀ ni ọkàn àna yín wà.

Àkọtọ́ ló ṣọ̀wọ́n. Ẹbí ò ṣọ̀wọ́n. Kí ìdílé kan tó dé Dortmund, àlùfáà ti kọ orúkọ wọn, akọ̀wé Standesamt ti kọ ọ́, ọ̀gá kùsà ti kọ ọ́, kálukú bó ṣe gbọ́ ọ sí. Schwientek, Schwiontek, Schwintek, Swientek, Swiontek: orúkọ kan náà ni, tí wọ́n ya sí wẹ́wẹ́. Bí ẹ bá ka ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, ó ṣọ̀wọ́n. Bí ẹ bá kó wọn jọ, tí ẹ sì fi Świętek àti Świątek kún un, agbo ńlá ni.

Ìjọba Jámánì kì í gbé iye orúkọ síta bíi ti Pólándì. Ìwé fóònù ọdún 1998 sí 2005 ni àwọn onímọ̀ fi ń ṣírò, kí àwọn ènìyàn tó fi fóònù orí tábìlì sílẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ gíga ìmọ̀ tó wà ní Mainz ní ìwé atúmọ̀ orúkọ ìdílé Jámánì kan lórí ayélujára, DFD ni wọ́n ń pè é, ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń fi àwòrán ibi tí orúkọ pọ̀ sí hàn. Ẹ lò ó, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún àwòrán yẹn. Ní 1945 ni ààlà Pólándì sún wá sí odò Oder àti Neisse, wọ́n sì lé ọ̀kẹ́ àìmọye àwọn tó ń sọ Jámánì kúrò ní Silesia. Wọ́n tú ká sí Bavaria, Saxony, Westphalia. Nítorí náà, ibi tí orúkọ pọ̀ sí nínú ìwé fóònù ni ibi tí ọkọ̀ ojú irin já wọn sí, kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀.

Èyí tó dára jù fún iṣẹ́ yín ni ìwé orúkọ àwọn ọmọ ogun tó kú, tó gbọgbẹ́, tàbí tó sọnù nínú Ogun Àgbáyé Kìíní. Ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Compgen ti gbé gbogbo rẹ̀ sórí ayélujára, àwọn olùfinúfíndọ̀ ló jókòó tẹ orúkọ wọ̀nyẹn lọ́kọ̀ọ̀kan. Orúkọ ìlú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ ogun kọ̀ọ̀kan jẹ́ ti ayé ìgbà tí kò tíì sí ẹni tó lé ẹnikẹ́ni kúrò nílé. Mo tẹ Schwientek wò fún yín, ìlú Òkè Silesia ló pọ̀ nínú ohun tí mo rí.

Àbẹ̀kẹ́_Dortmund

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti débẹ̀!

Obìnrin tó wà nídìí ìwé ní ilé ìkówèépamọ́ náà gbé ìwé ńlá kan wá, ọdún 1911, Standesamt Eving. Yíǹkì rẹ̀ ti pupa díẹ̀. Ọwọ́ ìkọ̀wé Jámánì àtijọ́ ni, mi ò lè kà á, òun ló kà á fún mi. Awakùsà, Àgùdà, wọ́n bí i ní Sternalitz, àgbègbè Rosenberg O.S. Orúkọ bàbá àti ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn méjèèjì ṣì ń gbé ní Sternalitz nígbà náà.

Ìyá Ìbejì, ọ̀rọ̀ yín ṣẹ. Lókè, akọ̀wé kọ "Schwientek", ó dúró gbọnin. Nísàlẹ̀, ọwọ́ ẹni tí kò bá kálámù jà púpọ̀ rí kọ "Świętek", pẹ̀lú ìkọ́ lábẹ́ e, ó tẹ ìkọ́ náà mọ́lẹ̀ gan-an débi pé yíǹkì tàn sí i. Ìyàwó rẹ̀ kọ "Schwientek" tirẹ̀ bí akọ̀wé ṣe kọ ọ́.

Mo ya àwòrán rẹ̀. Bàbá ọkọ mi wo ó títí. Wọ́n ní àwọn ò mọ̀ pé bàbá bàbá àwọn lè kọ èdè Pólándì. Wọ́n wá ń bi mí bóyá ó yẹ kí àwọn dá ìkọ́ yẹn padà sára orúkọ ìdílé. Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ.

Bọ̀dé_Gelsenkirchen

Ẹ kú oríire o! Inú mi dùn bíi pé ilé wa ni.

Ní ti dídá ìkọ́ padà, ọwọ́ bàbá ló wà, ṣùgbọ́n kí wọ́n mọ̀ pé ìwé tó pọ̀ ni, wọ́n sì gbọ́dọ̀ ní ìdí tí ìjọba á gbà. Láàárín àwọn tó padà wá sí Jámánì láti Pólándì lẹ́yìn ogun, òdìkejì ló wọ́pọ̀. Lẹ́yìn 1945, ìjọba Pólándì fi ipá sọ orúkọ àwọn tó ṣẹ́kù ní Silesia di ti Pólándì pọ́ńbélé: Schwientek á di Świętek, Heinrich á di Henryk. Nígbà tí wọ́n dé Jámánì, òfin gbà wọ́n láàyè láti padà sí àkọtọ́ Jámánì. Ẹ ó rí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, ìyá kan bàbá kan, tí ọ̀kan ń jẹ́ Schwientek tí èkejì ń jẹ́ Swientek láìní ìkọ́. Nínú ìwé ìdílé, ẹ kọ orúkọ bí ìwé kọ̀ọ̀kan ṣe kọ ọ́, pẹ̀lú ọdún rẹ̀. Ẹ má tún un ṣe fún ẹnikẹ́ni.

Ọmọ_Àkúrẹ́_Poznań

Àǹtí, Sternalice ni Sternalitz báyìí, kò jìnnà sí Olesno. Ìwé Standesamt àtijọ́ agbègbè náà wà lábẹ́ ilé ìkówèépamọ́ ìjọba tó wà ní Opole. Ẹ kọ́kọ́ wo szukajwarchiwach.gov.pl bóyá wọ́n ti gbé àwòrán rẹ̀ síbẹ̀, kí ẹ tó kọ lẹ́tà. Ní Pólándì, ìwé ìbí máa ń wà ní ìkọ̀kọ̀ fún ọdún 100, ìgbéyàwó àti ikú fún ọdún 80, nítorí náà ti bàbá yín ti kọjá. Bí wọ́n bá bí i ṣáájú oṣù Kẹwàá 1874, ìwé ìrìbọmi ìjọ nìkan ló kù. Ẹ wo FamilySearch àti Matricula, àwọn ojúlé ayélujára tí wọ́n ń gbé àwòrán ìwé ìjọ sí, fún ìyẹn, kí ẹ sì wá Swientek, torí àlùfáà tó ń kọ Látìn kì í fẹ́ràn sch.

Bí ẹ bá ń kọ lẹ́tà sí Opole, ẹ lè fi èdè Jámánì kọ ọ́, àmọ́ ti Pólándì yá jù. Ẹ kọ orúkọ abúlé ní èdè méjèèjì, ọdún ìbí tó wà nínú ìwé 1911, orúkọ òbí méjèèjì, ẹ̀sìn wọn, àti gbogbo àkọtọ́ tí a ti kà sílẹ̀ níbí. Ẹ fi àwòrán ojú ìwé yẹn mọ́ ọn, ibi tó fọwọ́ sí gan-an. Ẹ fi gbólóhùn tiyín ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀, mà á sọ ọ́ di èdè Pólándì lálẹ́ òní.

Ìyá_Ìbejì_Chicago

Kí o tó fi ránṣẹ́, ṣé orúkọ ìdílé ìyá rẹ̀ kí ó tó lọ́kọ wà nínú ìwé 1911 náà? Bí ó bá wà, fi kún lẹ́tà. Ẹni tó ń jẹ́ Świętek ní àgbègbè Olesno á pọ̀, ṣùgbọ́n Świętek tó fẹ́ obìnrin yẹn, ní abúlé yẹn, ẹyọ kan ni.

Àbẹ̀kẹ́_Dortmund

Ó wà níbẹ̀, mà. Piontek ni.

Akẹ́kọ̀ọ́_Leipzig

Piątek! Kí Ọmọ Àkúrẹ́ kọ ọ́ lọ́nà méjèèjì nínú lẹ́tà náà, kó sì fi Piątkówna kún un.